Ọdún tí Abẹ̀bẹ̀ Òyìnbó Wọ Agboolé Wa

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo rántí jù nípa agboolé wa ní Igana ti ẹ̀bá Pobè, n óò fẹ́ dáhùn pé ojú ìyá mi ni. Kì í ṣe òótọ́. Ohun tí mo rántí jù ni ariwo. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà ti máa ń ha ilẹ̀ àgbàlá, láti ẹnu ọ̀nà iyàrá rẹ̀ títí dé ìdí igi ọsàn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ewúrẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ni odó Ìyá Ìdòwú á máa dún, ni ẹnì kan á máa pe ẹnì kan pé iná ti kú, kí wọ́n fún òun ní ẹ̀yinná. Ojú ìyá mi ní ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, díẹ̀díẹ̀ ni mo ní láti máa kó o jọ, n kò sì lè búra pé gbogbo ohun tí mo kó jọ ni ojú rẹ̀ ní tòótọ́. Mo ti kàwé jìnnà sí ilé báyìí. Wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ pé kí a má gba ohun tí a kò bá rí ẹ̀rí rẹ̀, ẹ̀kọ́ yẹn sì wọ̀ mí lára, bóyá ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí náà, bí mo ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, n óò máa ya ohun tí mo fojú ara mi rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn.

Bàbá mi ti kú kí ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀. Ibà ló pa á, ní àkókò òjò. Ìyá mi ṣe opó pé, ó wọ aṣọ dúdú, ó jókòó sílé. Nígbà tí ó bọ́ aṣọ opó, àwọn àgbà ilé pè é, wọ́n ní ó tó àkókò kí wọ́n ṣú u lópó. Ẹnì kan ṣoṣo ló kàn: àbúrò bàbá mi, ọkọ Ìyá Ìdòwú, tí àwa ọmọdé ń pè ní Bàbá Kékeré. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó ní òun kò ní fẹ́ ọkọ mìíràn mọ́. Wọ́n ní ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. N kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni pé láti ọjọ́ náà lọ, ìbéèrè kan wà nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kì í fi ẹnu bèèrè: obìnrin tí kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni mọ́, kí ló tún ń ṣe ní agboolé ọkọ tó ti kú? Bàbá tirẹ̀ wà láàyè ní Ahoyéyé, ibẹ̀ kò sì jìnnà. Ó lè máa lọ nígbàkúgbà. Èmi ni kò lè bá a lọ. Ọmọ ilé bàbá ni mí, èmi nìkan sì ni bàbá mi fi sáyé lọ. Kò sí àgbà kan ní Igana tí yóò gbà kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ dàgbà sí ilé bàbá ìyá rẹ̀. Ìyá mi mọ èyí. Èmi náà mọ̀ ọ́n, bí ọmọdé ṣe ń mọ nǹkan, nípa wíwo ibi tí àwọn àgbà ń wò nígbà tí wọ́n bá dákẹ́.

Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló wá nǹkan ṣe sí i. Ó ní, “Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ilé, ilé kì í lé e. Irúgbìn ń bẹ nílẹ̀. Kí ó máa tọ́jú irúgbìn.” Ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ìyá mi mọ ẹ̀wà í fẹ́. Bí ọyẹ́ bá dé, tí a bá ti fi ọ̀pá pa ẹ̀wà tán, tí èèpo rẹ̀ ti di wẹ́wẹ́, ìyá mi á gun orí òkúta ńlá tó wà láàárín àgbàlá, á fi ẹ̀yìn fún ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, á gbé atẹ ga ju orí lọ, á sì máa da ẹ̀wà sílẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́. Ìyàngbò á fò lọ sí ìdí ògiri, ẹ̀wà á bọ́ tààrà sórí ẹní. Bí afẹ́fẹ́ bá dáwọ́ dúró, á súfèé. Àwọn obìnrin yòókù á bá a súfèé, gbogbo wọn á ká ẹnu jọ ṣóńṣó, àwa ọmọdé á sì máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní súfèé ni í pe afẹ́fẹ́. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn: afẹ́fẹ́ tó dáwọ́ dúró á ṣáà padà fẹ́, ẹni tí kò bá dẹ́kun súfèé kò ní ṣàìrí i kó dé. Síbẹ̀, bí mo bá wà níta lónìí tí ooru mú, ẹnu mi a máa ká jọ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀wà tí a ó gbìn, a kì í kó o pọ̀ mọ́ èyí tí a ó jẹ. Ìyá mi á ṣà á lẹ́yọ lẹ́yọ, á pò ó mọ́ eérú tí a ti sẹ́ dáadáa àti ata gbígbẹ tí a gún kúnná, á kó o sínú ìkòkò, á fi amọ̀ di ẹnu rẹ̀. Inú ilé ìdáná Ìyá Àgbà ni àwọn ìkòkò náà ń gbé, níbi tí èéfín á ti máa rú sí wọn títí òjò yóò fi dé. Bí ebi tilẹ̀ ń pa ilé, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn wọ́n. Ìyá Àgbà a máa sọ fún wa pé ẹni tó bá jẹ irúgbìn, ọdún tó ń bọ̀ ló jẹ. Ó lè sọ ọ́ nígbà tí a bá ń jẹ èkọ tí kò tó wa, tí ojú wa sì ń lọ sí ọ̀nà ilé ìdáná.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọyẹ́ kò wá bó ṣe yẹ. Àárọ̀ tutù, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò sí. Ẹ̀wà tí a ti pa wà ní òkìtì lábẹ́ ìbòrí ewé ọ̀pẹ, ìrì ń sẹ̀ sí i, ó sì ti ń rùn. Ìyá mi ń gun orí òkúta lójoojúmọ́, ó ń súfèé títí ètè rẹ̀ fi gbẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ni a gbọ́ ariwo kámíọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀nà. Bàbá Kékeré ló ti Sakété dé, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Bàbá Ráfíù, mùsùlùmí oníṣòwò tí ó máa ń ra ẹ̀wà wa lọ tà ní Àjàṣẹ́. Wọ́n sọ àpótí igi gíga kan kalẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Lókè rẹ̀ ni ẹnu fífẹ̀ wà tí a ó máa da ẹ̀wà sí. Nínú rẹ̀ ni abẹ̀bẹ̀ onípákó wà tí ọwọ́ irin kan ń yí. Lábẹ́ ni asẹ́ wà. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló tà á fún Bàbá Ráfíù. Kíá ni àwọn obìnrin ilé ti sọ ọ́ ní Abẹ̀bẹ̀ Òyìnbó.

“Ẹ kú ilé o!” Bàbá Ráfíù ń pariwo, ó ń nu òógùn. “Ẹ wá wo afẹ́fẹ́ tí wọ́n dè mọ́nú àpótí!”

Ìyá Ìdòwú fà sẹ́yìn. “Ṣé kì í gé ni lọ́wọ́ jẹ?”

“Kì í jẹ nǹkan kan, Ìyá. Kì í jẹ èkọ, kì í jẹ ẹran.”

“Ó sàn ju Bàbá Ìdòwú lọ nìyẹn. Ẹ bá mi fi sílẹ̀ síbí, kí ẹ gbé tèmi lọ sí Sakété.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Kékeré náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó yíjú sí ìyá mi tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ òkúta pẹ̀lú atẹ lọ́wọ́. “Ìyàwó wa, afẹ́fẹ́ ti dé o. Ta ni wàá tún máa súfèé pè?”

“Ẹ kú iṣẹ́, ọkọ mi,” ni ìyá mi dáhùn. “Ẹ̀yin tí ẹ gbé e wá ni n óò máa súfèé pè.”

Gbogbo ìyàwó ilé ló ń pe àwọn ọmọ ilé ní ọkọ mi, kò sí ohun àjèjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ìyá mi lọ́dún náà, ọ̀rọ̀ yẹn a máa mú kí àwọn àgbà wo ilẹ̀. N kò mọ̀ bóyá Bàbá Kékeré gbé ẹ̀rọ náà wá kí iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Àwọn kan sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà tí mo dàgbà. Ẹ̀wà ń jẹrà nílẹ̀, Bàbá Ráfíù kì í sì í gba ẹ̀wà tó ní ìyàngbò. Ìdí tó tó nìyẹn fún ẹnikẹ́ni láti gbé ẹ̀rọ wálé. Ènìyàn sì lè ní ìdí méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ di ọwọ́ irin náà mú. Alágbára ọkùnrin ni, ó sì fẹ́ kí àlejò rẹ̀ rí i. Ó yí i kíkankíkan. Àpótí náà ké bí ẹlẹ́dẹ̀, ìyàngbò tú yàà láti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀wà sì tẹ̀lé ìyàngbò. Àwọn ewúrẹ́ sáré dé. “Bàbá Ìdòwú, ẹ rọra o!” ni ìyàwó rẹ̀ ń ké. “Oúnjẹ alẹ́ wa lẹ̀ ń fẹ́ lọ yẹn!” Ó wá rọra jù, ẹ̀wà àti ìyàngbò jọ bọ́ sílẹ̀ pọ̀ gẹ́gẹ́ bí a ṣe dà wọ́n sí i. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ìyá mi tọrọ àyè. Ó fi ẹsẹ̀ kan lu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe bí ó bá ń gún iyán, ó sì ń yí irin náà tẹ̀lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ṣì í ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, igbe ẹlẹ́dẹ̀ náà di ìró kan tó dọ́gba, ìyàngbò ń jáde lẹ́yìn bí èéfín, ẹ̀wà ń ṣàn níwájú. Mo rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, èyí dá mi lójú: ó ń ṣẹ́jú wéréwéré nítorí eruku, ó sì la ẹnu díẹ̀ bí ẹni tí nǹkan fẹ́ yà lẹ́nu.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, òkìtì ẹ̀wà wa ti tán. Àwọn ará agboolé mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ru tiwọn wá, àwọn kan tilẹ̀ wá láti Ahoyéyé. Ẹni tí a bá bá fẹ́ ẹ̀wà á fi igbá kan sílẹ̀ fún ilé. Ìyá mi nìkan ló ń yí ẹ̀rọ náà. Àwọn yòókù ti gbìyànjú, wọ́n ní apá ń ro àwọn. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ó bá ń fọ eruku kúrò ní irun mi, a máa sọ̀rọ̀ sí mi létí bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: “Àjọkẹ́, wọn ò ní lè sọ pé kí ni mò ń ṣe níbí mọ́.” N kò mọ̀ nígbà náà pé ìdùnnú rẹ̀ kò ní pẹ́ ju ẹ̀wà náà lọ.

Ẹ̀wà tán. Wọ́n fi àpò bo Abẹ̀bẹ̀ Òyìnbó, àwọn adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lórí rẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ, oòrùn mú, àwọn ọkùnrin ń ṣán oko. Àwọn àgbà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó pẹ́, wọ́n á mu omi, wọn kì í sì í sọ ohun tí wọ́n wá ṣe bí mo bá wà nítòsí. Ìyá Ìdòwú, tí kò fẹ́ orogún, tí kò sì fẹ́ kí ìyá mi lọ, sọ fún un nílé ìdáná létí mi pé, “Bí o bá kọ̀ ọ́, èmi ni n óò kọ́kọ́ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa bá mi rẹ́rìn-ín?” Ìyá mi ṣáà ń tún ibi tí kò nílò àtúnṣe ṣe. Ó ń gbá ibi tí Ìyá Àgbà ti gbá.

Nígbà náà ni Bàbá Kékeré mú ìròyìn dé láti Pobè. Ọ̀gá oko, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń kiri abúlé, ń bọ̀ wá wo irúgbìn ilé kọ̀ọ̀kan. Ilé tí tirẹ̀ bá mọ́ jù, ọwọ́ rẹ̀ ni wọn yóò ti máa gba irúgbìn fún gbogbo àyíká. Gbogbo wa wà ní àgbàlá nígbà tó sọ ọ́. Ó ní, “Tiwa ló dára jù. Ṣùgbọ́n eérú ni yóò bá. Ta ló máa wo inú eérú kó sọ pé nǹkan mọ́?”

Ìyá mi ló dáhùn. Mo gbọ́ ọ, n kò sì lè sọ pé ẹlòmíràn ni. Ó ní, “A lè fẹ́ ẹ.”

“Fẹ́ kí ni?” ni Ìyá Àgbà bi í.

“Eérú rẹ̀, Ìyá. Abẹ̀bẹ̀ á gbé e lọ wéré. Bí wọ́n bá wò ó tán, a ó da eérú mìíràn sí i. Eérú kì í wọ́n nílé wa.”

“A kì í bọ́ aṣọ lára ọmọ tó ń sùn nínú ọyẹ́, pé àlejò fẹ́ wo bí ara rẹ̀ ṣe ń dán.”

“Àlejò lásán kọ́ nìyí, Ìyá,” ni Bàbá Kékeré wí. “Ìjọba ni.”

Ìyá Àgbà gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó ní àwọn ló mọ̀. Bí mo ṣe rántí rẹ̀ nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé lẹ́yìn tí nǹkan bàjẹ́ ni ó sọ ọ̀rọ̀ aṣọ ọmọ yẹn, tí mo wá gbé e síwájú nínú orí mi. Ohun tó dájú ni pé kò kọ̀. Ó ní agbára láti kọ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í kọjá ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé yẹn.

Wọ́n fọ́ amọ̀ ẹnu ìkòkò. Ìyá Ìdòwú ń dà á sẹ́nu ẹ̀rọ, ìyá mi ń yí i. Eérú àti ata jọ dìde bí kùrukùru, wọ́n bo òrùlé, wọ́n bo igi ọsàn, gbogbo wa ń sín, omi ń dà lójú wa, a sì ń rẹ́rìn-ín. Irun ìyá mi funfun bí ti arúgbó. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ẹ̀wà náà wà lórí ẹní, pupa, ó ń dán, bí ẹni tí wọ́n fi epo pa. Kódà Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu díẹ̀ sọ́wọ́, ó jẹ́ kí ó ti àárín ìka rẹ̀ dà sílẹ̀. A kó o sínú àpò tuntun, a tò ó sí iyàrá Bàbá Kékeré, níbi tí kò sí èéfín.

Wọ́n ní ọjọ́ ọjà ni ọ̀gá oko ń bọ̀. Ọjọ́ ọjà dé, ó kọjá. Wọ́n ní ó ń ṣàìsàn, wọ́n ní kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bàjẹ́, wọ́n ní ọ̀nà Aguidi ló kọ́kọ́ gbà. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ilẹ̀ ń ru, inú ilé ń gbóná. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá mi sẹ́ eérú agbọ̀n kan, ó ní kí n ru kékeré kan tẹ̀lé òun. A bá Bàbá Kékeré lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń pọ́n àdá.

“Kí nìyẹn?”

“Eérú ni, ọkọ mi. Ó ti pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kí n dá a padà sí i.”

“Bí ó bá dé lọ́la ńkọ́? Kó wá bá wa pẹ̀lú eérú lójú bí ẹni tó sùn nídìí ààrò? Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Kòkòrò ńkọ́?”

“Kòkòrò wo? Kò sí kòkòrò nínú ohun tó mọ́ tó báyìí. Fi í sílẹ̀, Ìyá Àjọkẹ́.”

Ìyá mi yípadà, mo yípadà tẹ̀lé e, a da eérú náà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èyí, mo fojú rí i, mo sì fetí gbọ́ ọ.

Nígbà tí ọ̀gá oko dé níkẹyìn, àwọn kan ti ń kọ ebè. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó dé akẹtẹ̀ líle bí ti òyìnbó, ó ń sọ èdè wa pẹ̀lú ohùn Ègùn. Bàbá Kékeré ti wọ aṣọ tó dára. Ó tú okùn ẹnu àpò fúnra rẹ̀. N kò ní gbàgbé ohùn tó ti inú àpò náà jáde, ó dún bí ìgbà tí òjò fẹ́ẹ́rẹ́ bá ń bọ́ sórí ewé gbígbẹ. Àwọn kòkòrò kéékèèké dúdú ń gun etí àpò bọ̀. Ọ̀gá oko ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan: ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ti lu, lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, ìyẹ̀fun sì ń dà ní àárín ìka rẹ̀. Ó tú àpò kejì, ó tú ẹ̀kẹta. Ó ní, “Ó mọ́ lóòótọ́. Kòkòrò pàápàá rí i pé ó mọ́.” Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, ó lọ.

Mo ti kà nípa kòkòrò yẹn. Wọ́n ní láti oko ni ó ti ń yé ẹyin sára ẹ̀wà, kí a tó kó o wálé rárá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹyin ti wà nínú eérú pẹ̀lú ẹ̀wà. Eérú kàn máa ń dí wọn lọ́nà kí wọ́n má lè pọ̀ sí i ni. Mo tún rántí pé Ìyá Ìdòwú sọ pé kòkòrò jẹ ìkòkò kan báyìí rí, pẹ̀lú eérú lára rẹ̀. Nítorí náà, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé bí a bá dá eérú padà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, irúgbìn ìbá là. Díẹ̀ ìbá là, mo rò bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀ràn náà.

Wọ́n ṣe ìpàdé ní ọ̀ọ̀dẹ̀ Ìyá Àgbà. Agboolé tí kò tọrọ irúgbìn rí ni yóò wá máa ru igbá lọ sí ilé onílé. Àwọn àgbà bínú, n kò dá wọn lẹ́bi. Wọ́n bèèrè pé ta ló ní kí a fẹ́ eérú kúrò. Ìyá mi ní òun ni. Wọ́n tún bèèrè pé ta ló ní kí a má dá a padà. Mo jókòó sẹ́yìn ìyá mi, mo sì rí i pé Bàbá Kékeré ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá mi na ọwọ́ sẹ́yìn láìyíjú, ó di orúnkún mi mú gírígírí. Ó ní, “Èmi náà ni.”

Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, mo ti wá a káàkiri. Ó lè jẹ́ pé ó mọ̀ pé wọn kò ní gba òun gbọ́, kí opó máa ka ẹ̀sùn sí ọmọ ilé lọ́rùn. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, pé abẹ́ òrùlé ọkùnrin yìí ni n óò máa gbé, tí kò sì fẹ́ kí ó máa fi ojú ẹni tó dójú ti òun wò mí. Bàbá Kékeré kò fìyà jẹ mí rí. Òun ló fi mí sí lékọ́ọ̀lù, ilé ìwé ìjọba, nígbà tí wọn kì í fi ọmọbìnrin síbẹ̀ ní abúlé wa, òun ló sì ń gbé mi sórí kẹ̀kẹ́ lọ sí Pobè nígbà tí òjò bá pọ̀. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi, n kò sì bi í léèrè.

Ìyá Àgbà ló dájọ́. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó ní iṣẹ́ tí òun fi dá ìyàwó ọmọ òun dúró sílé ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, òun kò sì rí òmíràn. Bí ó bá fẹ́ dúró, kí ó dúró gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé. Bàbá Kékeré ní, “Ilẹ̀kùn mi kò tì.” Àánú wà nínú ohùn rẹ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀.

“Ẹ ṣeun, ọkọ mi,” ni ìyá mi wí. “N óò máa lọ.”

Fún ọdún púpọ̀, mo kà á sí pé ó fi mí sílẹ̀ nígbà tí ó ṣeé ṣe fún un láti dúró. Nígbà kan tí a gba ìsinmi, mo lọ kí i ní Ahoyéyé, mo bi í pé kí ló dé tí kò gbà. Ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó bó ẹyọ méjì tán kí ó tó gbójú sókè. Ó ní, “Ẹ̀gẹ́ ọdún yìí le,” ó sì mú òmíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìpàdé náà, Bàbá Kékeré ṣí àpò kúrò lórí Abẹ̀bẹ̀ Òyìnbó. Ó ní kí a tún ẹ̀wà náà fẹ́. Èyí tó ti ṣófo á fò lọ, bóyá a ó rí ìwọ̀nba tó wúwo tí a lè gbìn. Ó wo àyíká, kò sí ẹni tí yóò yí i. Ó ní, “Àjọkẹ́, wá.” Mo fi ọwọ́ méjèèjì di irin náà mú. Ìyá Ìdòwú ń dà á sẹ́nu ẹ̀rọ. Bàbá Kékeré ní kí n ṣáà má dáwọ́ dúró, nítorí bí abẹ̀bẹ̀ bá dúró, gbogbo rẹ̀ á tún jọ bọ́ sílẹ̀ pọ̀ ni. Mo ń yí i. Ẹ̀wà tó lu ń fò jáde lẹ́yìn, àpò lórí àpò, àwọn adìyẹ ń sá tẹ̀lé e. Ariwo ẹ̀rọ náà bo gbogbo ohun tó kù. Mo rí ìyá mi tó jáde láti iyàrá wa pẹ̀lú ẹrù lórí. Mo rí i tí ó kúnlẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Lẹ́yìn náà ni eruku ẹ̀wà wọ̀ mí lójú, n kò sì lè mú ọwọ́ kúrò láti nù ún. Ó ṣeé ṣe kí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ṣeé ṣe kí ó pè mí. N kò gbọ́.

Nígbà tí àpò tán, mo dáwọ́ dúró. Ẹ̀wà tó kù lórí ẹní kò kún igbá. Àgbàlá dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó gbé abọ́ kan lé itan.

“Ó ti lọ,” ni ó wí. “Wá jẹun.”

Apá ń ro mí, ebi sì ń pa mí. Mo fọ ọwọ́ mi, mo jókòó tì í, mo sì jẹ gbogbo rẹ̀.